Ó gba eku là, èèyàn ńkọ́? Àlàyé lórí èròjà ewéko àti àrùn sẹ́písíìsì

Kì í pẹ́ tí irú àkọlé ìròyìn yìí fi máa ń tún gba ojú fóònù mi kọjá: èròjà inú ewé kan, tàbí gbòǹgbò kan, ti gba àwọn tó ní sẹ́písíìsì là. Téèyàn bá wá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, á rí i pé àwọn tí wọ́n gbà là yẹn, eku ni wọ́n. Ìròyìn náà kò parọ́ o. Eku náà yè lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà tó wà láàárín eku tó yè nínú yàrá àyẹ̀wò àti èèyàn tó máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù jìn gan-an. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìròyìn kì í sọ, òun ni mo fẹ́ ká jọ rìn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀gún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gún gún èèyàn níka lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ó ń gbóná, ó sì ń ta á. Ẹ̀gún kọ́ ló ṣe gbogbo ìyẹn. Ara fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara rí i pé àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè ti wọlé, wọ́n sì figbe bọnu. Igbe tí wọ́n ń ké yẹn kì í ṣe ohùn. Èròjà tíntìntín ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáítókáìnì. Bí igbe yẹn bá ti dún, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ládùúgbò ibẹ̀ á fẹ̀, ògiri rẹ̀ á lanu díẹ̀, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun lè gba ibẹ̀ jáde lọ bá kòkòrò jà. Ohun tó ń mú ibẹ̀ wú, tó ń mú un pọ́n nìyẹn. Ìbínú ara ni màá máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìbínú ló jọ: ó níwọ̀n tó ń ṣeni láǹfààní, ó sì níwọ̀n tó ń túlé.

Lójú ìka kan, ire ni. Ọjọ́ mélòó kan, ó ti rọlẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí igbe náà bá gba gbogbo ara kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kòkòrò tó dá a sílẹ̀ lè ti inú ẹ̀dọ̀fóró wá, ó lè wá láti ojú ọ̀nà ìtọ̀, inú ikùn, ojú ọgbẹ́, tàbí ilé ọmọ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò bọ́ sínú ẹran ara. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Nínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ á máa dì. Kíndìnrín tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó á dẹ́kun ìtọ̀ ṣíṣe. Bí ọpọlọ náà ò bá rí tó, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ségesège. Sẹ́písíìsì nìyẹn. Ìtumọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣègùn fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2016 kò jìnnà síyẹn: ara ń bá àrùn jà lọ́nà òdì, débi pé àwọn ẹ̀yà inú ara ń bàjẹ́, ẹ̀mí sì wà nínú ewu.

Àwọn kan ń pè é ní májèlé inú ẹ̀jẹ̀. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá, torí ó ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé ìdọ̀tí kan ló wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé ká sáà ti wá nǹkan fọ̀ ọ́ mọ́, ó parí. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kú, àmọ́ ìjà tí ara ń bá a jà gan-an ló ń wó ilé lulẹ̀. Kì í sì í ṣe àìsàn tó ṣọ̀wọ́n. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé lọ́dún 2017 nìkan, nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 49 ló ní in, mílíọ̀nù 11 sì kú. Nínú ikú márùn-ún tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́dún náà, ọwọ́ sẹ́písíìsì wà nínú ọ̀kan. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó bá a lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.

Téèyàn bá ti gbọ́ pé ìbínú ara ló ń pani, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ká wá oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìbínú. Àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn ti rò bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe oògùn tó ń di TNF lẹ́nu, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn sáítókáìnì tó máa ń kọ́kọ́ ké. Nínú eku, iṣẹ́ ìyanu ni. Lára aláìsàn, kò mú èrè tí wọ́n ń retí wá. Wọ́n tún ṣe eritoran, tó ń dí ojú ihò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbóòórùn bakitéríà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013, iye tó kú lọ́wọ́ àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á ò yàtọ̀.

Kí ló fà á? Àsìkò ni. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé ọsibítù, igbe àkọ́kọ́ ti dún tán. Apá kan ara ṣì ń bínú, apá kejì ti rẹ̀ tẹnutẹnu: àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ń kú, àwọn tó ṣẹ́ kù ò lè gbé apá mọ́. Bí a bá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń dín ìjà kù, kòkòrò mìíràn tó ti ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé á wọlé jókòó. Ẹni tó bá ní in mọ́kàn pé sẹ́písíìsì kì í ṣe iná lásán tí a ń da omi sí, bí kò ṣe iná níhìn-ín àti òtútù lọ́hùn-ún nínú ilé kan náà, ó ti mọ ìdí tí nǹkan fi le.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ewéko ti wọlé. Ewéko kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá fún kòkòrò, kò lọ́wọ́ tó máa fi lé ẹranko tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kẹ́míkà ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ló wà, àwọn kan nínú wọn sì máa ń bá nǹkan pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa náà. Curcumin wà nínú atalẹ̀ pupa, resveratrol wà lára èèpo èso àjàrà, quercetin wà nínú àlùbọ́sà, glycyrrhizin wà nínú gbòǹgbò licorice tó máa ń dùn mọ́ni lẹ́nu. Nínú sẹ́ẹ̀lì, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní NF-κB. Òun ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ọ̀pọ̀ sáítókáìnì tó lè ké. Da curcumin sórí sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ gíláàsì, kí o wá ta èròjà ara bakitéríà lé e, bọ́tìnnì náà kò ní tẹ̀ dáadáa mọ́. Quercetin ń ṣe bẹ́ẹ̀, resveratrol ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti glycyrrhizin yàtọ̀ díẹ̀: HMGB1 ló ń so mọ́, èròjà kan tí àwọn onímọ̀ rí i lọ́dún 1999 pé ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn TNF. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n nírètí pé bóyá òun la ṣì lè bá lójú ọ̀nà nígbà tí aláìsàn bá dé.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ abọ́ gíláàsì kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní ìfun, kò sì ní ọjọ́ orí.

Eku ní gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo bí àyẹ̀wò lára eku ṣe sábà máa ń rí. Eku náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú àgò jọ ọ́ bí ìbejì, torí ìdílé kan náà ni wọ́n ti ń bí wọn láti ìran dé ìran. Kò sí èyí tó ní àtọ̀gbẹ, kò sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n gún un ní èròjà ewéko níkùn. Aago mẹ́sàn-án, wọ́n gún un ní LPS, ìyẹn èròjà tó wà lára èèpo àwọn bakitéríà kan, tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ lásán ti tó láti mú ara figbe ta. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n ń ka iye tó kú àti iye tó yè fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ padà wo aago yẹn. Oògùn ti wọ ara ní odidi wákàtí kan kí àìsàn tó dé! Ta ló máa ń mọ̀ pé ní wákàtí kan sí i, òun máa ní sẹ́písíìsì? Àwọn olùwádìí tó fẹ́ kó jọ ti èèyàn máa ń di apá kan ìfun eku, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ú kí ìgbẹ́ lè jò sínú ikùn, wọ́n á wá dúró kí ó tó di pé wọ́n fún un lóògùn. Ìyẹn sàn jù. Síbẹ̀, ẹ fi aláìsàn gidi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, tó ní àtọ̀gbẹ, tó ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí oríṣi oògùn mẹ́ta ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Eku sì le sí LPS ju èèyàn lọ fíìfíì. Ìwọ̀n tí kò ní ṣe eku ní nǹkan kan lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀.

Lórí bí eku ṣe jọ èèyàn tó, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti wọ̀yá ìjà. Lọ́dún 2013, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn PNAS pé ọ̀nà tí jíìnì eku ń gbà ṣe nígbà ìbínú ara kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ti èèyàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ìwé ìròyìn kan náà, àwọn mìíràn gbé ìsọfúnni kan náà yẹ̀ wò lọ́nà mìíràn, wọ́n ní ó jọ ọ́ gan-an. Ibi tí èmi fì sí ni pé eku dára láti fi mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kò dára láti fi ṣèlérí.

Ká tiẹ̀ gbà pé wọ́n jọra. Báwo ni èròjà náà ṣe máa dé inú ẹ̀jẹ̀? Curcumin ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí ariwo tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Nínú ìyẹ̀fun atalẹ̀ pupa, nǹkan bí ìdá 3 péré nínú 100 ni curcumin. Kì í yòrò dáadáa nínú omi. Èyí tó bá ráyè wọlé, ògiri ìfun àti ẹ̀dọ̀ ti máa ń yí i padà kó tó dé ibi tó ń lọ, ìgbẹ́ ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí ní Íńdíà fún àwọn tí ara wọn le ní gíráàmù 2 curcumin. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé wọn ò rí i rárá lára àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi mílígíráàmù 20 piperine kún un, ìyẹn ohun tó ń mú ata dúdú ta, iye tó dénú ẹ̀jẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po ogún. Àwọn tó ń ta kápúsù fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn, wọ́n ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ike. Ìlọ́po ogún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, mélòó ni?

Ẹni tí ara rẹ̀ le nìyẹn o. Ẹni tí sẹ́písíìsì ti gbé dè, ìfun rẹ̀ wà lára ibi tí ara ti fawọ́ ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn. Ó lè ti dákẹ́ pátápátá. Ohun tí wọ́n bá gba ọ̀pá imú rọ sí i níkùn lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì lọ síbì kankan. Tí nọ́ọ̀sì bá fa á padà, á bá a níbẹ̀ bó ṣe rọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú iṣan ni wọ́n ń gba àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì sí.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò nìkan ló sábà máa ń mọ̀. Curcumin máa ń tàn fúnra rẹ̀ lábẹ́ àwọn iná kan, ó máa ń lẹ̀ mọ́ oríṣiríṣi purotéènì láì yan ọ̀kan láàyò, ó sì máa ń fọ́ yángá nínú omi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bóyá oògùn ṣiṣẹ́ lè wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà oògùn kan tú ọ̀rọ̀ curcumin palẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Àyẹ̀wò lára èèyàn ti lé ní 120 nígbà náà, lórí oríṣiríṣi àìsàn. Nínú èyí tí dókítà àti aláìsàn kò ti mọ ẹni tó gba oògùn gidi àti ẹni tó gba òfìfo, ìyẹn ohun tó jọ oògùn àmọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, wọ́n ní àwọn ò rí ẹyọ kan tó yege. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí ìwé yẹn. Lójú tèmi, ó pẹ́ kó tó jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ewéko ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Artesunate tí wọ́n ń gún fún ẹni tí ibà bá ti wọ̀ lára dé góńgó wá láti ara artemisinin, artemisinin sì wá láti ara ewéko kan tó ń jẹ́ Artemisia annua. Tu Youyou, onímọ̀ oògùn kan, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà ń ṣe ewé náà lọ, nígbà mìíràn ó ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tó padà sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan tó ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi kí wọ́n sì fún omi rẹ̀ jáde, láì sọ pé kí wọ́n sè é, ló wá sọ sí i lọ́kàn pé ooru ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Ó yíjú sí ether, omi kẹ́míkà kan tó máa ń hó láì tíì gbóná púpọ̀. Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ dé lọ́dún 2015. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2010, wọ́n ti tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe lára ọmọdé 5,425 ní Áfíríkà tí ibà le sí lára: nínú àwọn tó gba artesunate, 8.5 nínú 100 kú, nínú àwọn tó gba quinine, 10.9. Quinine náà ńkọ́? Èèpo igi ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: kòkòrò ibà ni oògùn méjèèjì ń pa. Wọn ò dá sí ìbínú ara.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni ti isu igbó Mẹ́síkò. Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1944, ọ̀gbẹ́ni Russell Marker, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, rí i pé diosgenin tó wà nínú isu náà ṣe é yí padà sí hòmóònù. Ilé iṣẹ́ Syntex bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò lọ́dún 1944 lórí rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí bí wọ́n ṣe lè lo èbu, irú èyí tó máa ń hù sára oúnjẹ tó ti pẹ́, láti sọ irú hòmóònù bẹ́ẹ̀ di ìdílé cortisone, tó ń mú ìbínú ara rọlẹ̀. Hydrocortisone, tó jẹ́ ọmọ ìdílé yẹn, ni àwọn dókítà ń fún aláìsàn sẹ́písíìsì tí ìfúnpá rẹ̀ kọ̀ tí kò gòkè lónìí. Kódà lórí ìyẹn, àyẹ̀wò ńlá méjì tó jáde lọ́dún 2018 kò sọ ohun kan náà. Ọ̀kan, tí wọ́n fi aláìsàn bí 3,800 ṣe, ní ìfúnpá ń tètè padà bọ̀ sípò, ikú kò dín kù. Èkejì, ní Faransé, tí wọ́n fi oògùn mìíràn ti hydrocortisone lẹ́yìn, ní ikú dín kù láti 49 sí 43 nínú 100. Ẹni tó bá sì jẹ odidi isu náà tán kò ní rí cortisone kankan níbẹ̀: ara wa kò ní irinṣẹ́ tó ń yí diosgenin padà. Inú ìgò kẹ́míkà ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó já wa kulẹ̀ náà wà. Colchicine, tó wá láti ara òdòdó kan, ń mú ìbínú ara rọlẹ̀ dáadáa fún àwọn tí oríkèé ẹsẹ̀ wọn máa ń wú tìrora-tìrora. Nígbà tí Kòrónà dé, nínú àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ RECOVERY, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tó wà ní ọsibítù ní colchicine, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà á. Ìdá 21 nínú 100 kú níhìn-ín, ìdá 21 kú lọ́hùn-ún. Fítámì C tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Gbogbo èèyàn gbà pé fítámì C kò lè pani lára, àwọn dókítà kan sì ti ń gún un fún àwọn aláìsàn sẹ́písíìsì pẹ̀lú ìdánilójú. Lọ́dún 2022, àyẹ̀wò LOVIT tí wọ́n fi aláìsàn 872 ṣe jáde: nínú àwọn tó gbà á, 44.5 nínú 100 ló kú tàbí tí ẹ̀yà ara wọn ṣì ń ṣàìsàn lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Nínú àwọn tó gba òfìfo, 38.5. Èso ọsàn tún wá di ẹjọ́!

Oògùn kan wà tó sún mọ́ ohun tí àwọn àkọlé ìròyìn ń lérí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Xuebijing lorúkọ rẹ̀, ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí i lọ́dún 2004. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Fífọ ẹ̀jẹ̀ tí mo ń bá jà lókè ló tún yọjú yìí. Ewéko márùn-ún ni wọ́n fà á yọ lára wọn, òdòdó safflower àti gbòǹgbò danshen wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ inú iṣan sì ni. Láàárín ọdún 2017 sí 2019, wọ́n kó aláìsàn 1,817 jọ ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe 45. Gbogbo wọn ló ń gba àńtíbáyótíìkì àti ìtọ́jú tó yẹ. Wọ́n wá fi Xuebijing kún ti apá kan fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n fi òfìfo kún ti apá kejì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, 18.8 nínú 100 ti kú lápá àkọ́kọ́, 26.1 lápá kejì. Àbájáde náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine lọ́dún 2023.

Ìyàtọ̀ bí èèyàn méje nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe kékeré, n kò sì ní gbà pẹ̀lú ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn kìkì nítorí pé inú ewéko ló ti wá. Ohun tí kò jẹ́ kí n tíì jó ni Xigris. Oògùn sẹ́písíìsì kan ni Xigris. Kì í ṣe oògùn ewéko, àmọ́ nínú àyẹ̀wò ńlá tó kọ́kọ́ ṣe, ikú dín kù láti 30.8 sí 24.7 nínú 100, inú gbogbo ayé dùn, ó rí àṣẹ gbà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001. Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, 26.4 ló kú nínú àwọn tó gbà á, 24.2 nínú àwọn tí kò gbà á. Ọdún 2011 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Xuebijing nílò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, lóde Ṣáínà, lọ́wọ́ àwọn tí kò ní èrè kankan níbẹ̀. Kẹ́míkà inú rẹ̀ sì pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, ìbéèrè ńlá sì ni ti èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú wọn.

Ní báyìí, bí ìròyìn bá tún dé sórí fóònù yín, ohun tí ẹ máa wá kò pọ̀. Nínú kí ni wọ́n ti dán an wò: abọ́, eku, tàbí èèyàn? Ṣé ṣáájú àìsàn ni wọ́n fún un ni, àbí lẹ́yìn? Ṣé ẹnu ni, àbí iṣan? Ta ni wọ́n fi wé, ṣé àwọn yẹn náà sì ń gba àńtíbáyótíìkì? Mélòó ló kú? Tó bá jẹ́ pé "TNF lọ sílẹ̀" nìkan ni ìròyìn náà ní í sọ, tí kò sọ iye tó kú, ẹ rántí àwọn oògùn TNF ìgbà yẹn.

Pé nǹkan ti inú ewéko wá kò sọ pé kò ní í pani lára. Licorice tó bá pọ̀ jù máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì máa ń fa potasíọ̀mù inú ara gbẹ, èyí tó lè da lílù ọkàn rú. Danshen máa ń fi kún agbára warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, débi pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ya. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ṣàkójọ èèyàn mẹ́wàá tí kápúsù atalẹ̀ pupa ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Márùn-ún wọ ọsibítù, ọ̀kan kú. Piperine tó ń ran curcumin lọ́wọ́ nípa dídí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oògùn mìíràn tí èèyàn ń lò.

Ohun tí àwọn dókítà ní lọ́wọ́ báyìí kò lẹ́wà lójú ìròyìn: àńtíbáyótíìkì kíákíá, omi sínú iṣan, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè, ọ́síjìn, kí wọ́n sì la ibi tó bá ti gba ọyún kó lè jáde. Ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n wo ìtàn aláìsàn 49,331, wọ́n rí i pé bí wákàtí kan bá ṣe ń gorí òmíràn láì parí ìtọ́jú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewu ikú ń gòkè ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àrùn lára, tí ara rẹ̀ wá ń gbóná gan-an tàbí tó tutù rinrin, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, tàbí ọmọdé tó ṣòro láti jí, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó bá gbé e lọ béèrè tààrà lọ́wọ́ dókítà pé, "Ṣé kì í ṣe sẹ́písíìsì?" Kí ó sì sọ gbogbo ewé, gbòǹgbò àti kápúsù tí aláìsàn ti lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Tí ike rẹ̀ bá wà nílé, kí ó mú un dání.